Orí Keje: Ìbọn Tí Wọ́n Ní Kò Dún

Ìràwọ̀ tí wọ́n háyà kò tètè dé. Aago mẹ́wàá ló ní òun máa balẹ̀ sí Ìdí-Àpá. Aago mọ́kànlá ti kọjá, àwọn ọdẹ ṣì wà lábẹ́ igi níbi tí wọ́n tò sí láti òwúrọ̀, àgbà mẹ́tàdínlógún, oníkálukú pẹ̀lú igi tó gbẹ́ bí ìbọn léjìká rẹ̀. Ó ti di ọdún mọ́kànlá tí ọwọ́ wọn ti kan ìbọn gidi kẹ́yìn. Igi ni wọ́n ń fi epo pa báyìí, igi ni wọ́n ń fi awọ dè, nítorí ọdẹ tí kò bá gbé nǹkan kan kọ́ èjìká kì í mọ bí òun ṣe máa dúró láwùjọ. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó rẹ́rìn-ín. Àwọn fúnra wọn ti rẹ́rìn-ín náà tán láti ọdún àkọ́kọ́.

Ọdẹ́gbèmí, àkọ́bí olóògbé, jókòó sórí àpótí lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá bàbá rẹ̀. Obìnrin ẹni àádọ́ta ọdún ni, ó sì ń wo àgbàlá náà bí ẹni tó ń wo ilé onílé. Oṣù márùn-ún ni Ọdẹ́yalé ti kú, wọ́n sì ti sin ín, ṣùgbọ́n ní Ìdí-Àpá, ọdẹ tí wọn ò tí ì ṣe ìṣípà fún kò tí ì kúrò nílé. Ìgbà tí ìbọn rẹ̀ bá dún fún ìgbà ìkẹyìn, tí wọ́n gbé ère rẹ̀ wọ igbó, ló tó mọ̀ pé àwọn ọmọ ti tú òun sílẹ̀. Títí dìgbà náà, ó ń jẹun. Ìrọ̀lẹ́-ìrọ̀lẹ́ ni Gbèmí ń bu iyán àti ọbẹ̀ ìṣápá sínú abọ́ tánganran olódòdó rẹ̀, tó ń gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn, tó ń sọ pé, “Bàbá, oúnjẹ yín rèé.” Lánàá tó bù ú, ó sọ fún ara rẹ̀ pé èyí ni ìkẹyìn. Ó dúró díẹ̀ bóyá omijé máa wá. Kò wá. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó lọ sùn.

Bó ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ ti kú nìyẹn. Kì í ṣe pé inú rẹ̀ bàjẹ́. Inú tó bàjẹ́ a máa dun èèyàn. Tirẹ̀ dà bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé títí tó fi kú: ó mọ̀ pé ó wà nídìí òun, kò kàn gbọ́ ohunkóhun láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni. Àwọn obìnrin ilé ti ń sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀ pé ọkàn rẹ̀ le. Kò bá wọn jiyàn.

Ìbọn náà wà láàárín àgbàlá nínú àpótí onígíláàsì tí Iléeṣẹ́ Ìbọn fi ránṣẹ́ láàárọ̀. Ṣakabùlà lásán ni. Igi rẹ̀ ti dúdú, irin rẹ̀ gùn ju ọmọ ọdún méje lọ, wọ́n sì ti fi òrùka kan tó ń tàn bíi ewé tútù há a lọ́rùn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni Ẹlẹ́rìí dúró sí lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀rọ tí kò ga ju àmù omi lọ, tó ní ojú kan àti ohùn obìnrin tó kàwé. Látìgbà tó ti dé ló ti ń ka òfin sí wọn létí ní wákàtí-wákàtí. Ará ìlú lè fọwọ́ kan ìbọn yìí fún ìṣẹ́jú kan àbọ̀, láti ki ẹ̀tù sí i, kí ọwọ́ rẹ̀ má sì dé ibi tí wọ́n ti ń yìn ín. Ìràwọ̀ nìkan ló lè yìn ín. Tó bá di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ìbọn ń padà lọ síbi tí wọ́n á ti yọ́ ọ. Tó bá ti kà á tán, á ní, “Ẹ ṣeun, ará ìlú,” á sì pajú dé.

Òfin náà kò kúkú gùn. Ẹni tí ojú mílíọ̀nù mẹ́wàá bá ń wò lórí afẹ́fẹ́, ìràwọ̀ ni. Ọ̀tá rẹ̀ á pọ̀, ó nílò ìbọn. Ẹni tí ojú ò wò, kí ló fẹ́ fi ìbọn ṣe? Bí adájọ́ ṣe sọ ọ́ fún Ọdẹ́yalé nìyẹn lọ́jọ́ tí wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdẹ́yalé dá a lóhùn pé ìmàdò tó ń jẹ iṣu òun lóko ò mọ ẹni tí ojú ń wò yàtọ̀ sí ẹni tí ojú ò wò. Adájọ́ rẹ́rìn-ín, ẹjọ́ sì tán.

Ọdẹ́níran, àbúrò Gbèmí, ló wá ìràwọ̀ yìí rí. Ẹ̀rọ omi ni Níran ń tún ṣe, sùúrù rẹ̀ sì pọ̀. Ìràwọ̀ mẹ́rìndínlógójì ló kọ̀wé sí pé kí wọ́n dákun wá bá àwọn yìn ìbọn bàbá àwọn lẹ́ẹ̀kan péré. Márùn-ún dáhùn. Ọ̀kan gbà, nítorí ó ń wá nǹkan àtijọ́ tí yóò fi han àwọn tó ń wò ó. Níran náà ló dúró ti ère báyìí, láàárín àgbàlá, igi tí wọ́n gbẹ́ ga tó èèyàn, tí wọ́n wọ ẹ̀wù ọdẹ Ọdẹ́yalé fún. Ọmọkùnrin olóògbé ló gbọ́dọ̀ di ọwọ́ ère mú títí ìbọn yóò fi dún. Láti òwúrọ̀ ni Níran ti dì í mú, ó ń fi ọwọ́ kejì nu òógùn.

Aago méjìlá ku díẹ̀ ni ọkọ̀ ìràwọ̀ balẹ̀, tó fọ́n ekuru sí gbogbo wọn lójú. Ẹ̀rínòtán ni orúkọ tí ayé mọ̀ ọ́n sí. Aláwàdà ni, kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ, ó tín-ín-rín, ojú sì ń tì í ju bó ṣe máa ń rí nínú eré rẹ̀ lọ. Ìbọn kékeré kan tó ń dán bíi wúrà wà ní ìbàdí rẹ̀. Ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ ń tàn yòò, iye ojú tó ń wò ó lásìkò náà sì wà lára rẹ̀, mílíọ̀nù mọ́kànlá àti díẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún àwọn ọdẹ nínú ekuru, ó kí Gbèmí kú àṣẹ̀yìndè, ó ní bàbá bàbá òun náà ṣọdẹ rí. Ká má purọ́ mọ́ ọn, ọmọ tí wọ́n kọ́ ni. Ó rọra bi Baba Akínṣọdẹ, olúọ́dẹ, bóyá ìbọn náà máa ń ti èèyàn sẹ́yìn. Ó ní ti ìbàdí òun yìí, òun ò yìn ín rí.

Baba Akínṣọdẹ sọ fún un pé kó fi ẹsẹ̀ kan síwájú, kó fi ẹnu ìbọn wo ojú ọ̀run, kó má wo ibòmíràn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ ọ́. Ẹ̀rínòtán ní òun ti gbọ́, sà.

Obìnrin kan bá a wá, Mọpélọ́lá, òun ló ń mójú tó gbogbo nǹkan rẹ̀, aṣọ, eré, ẹjọ́. Ó tú kámẹ́rà mẹ́rin sílẹ̀ nínú àpò, wọ́n sì gbéra, wọ́n ń fò káàkiri àgbàlá bí eṣinṣin.

“Ẹ bẹ̀rẹ̀,” Ẹlẹ́rìí ní. “Ìṣẹ́jú kan àbọ̀.”

Baba Akínṣọdẹ, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, gbé igi èjìká rẹ̀ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì na ọwọ́ sínú àpótí gíláàsì. Bó ṣe gbá irin náà mú, ó dúró. Ẹ̀rọ ti ń ka ìṣẹ́jú. Bàbá náà da ẹ̀tù sí i láti inú àdó, ó fi àkísà dí i, ó ki ọ̀pá bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kò rí àyè fún ẹ̀kẹta. Kò fi ọta sí i, torí ẹ̀tù nìkan ni ìbọn ìṣípà ń jẹ. Ọ̀pá náà yọ síta lẹ́nu ìbọn ju bó ṣe yẹ lọ, ó tó ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, kó tó fà á yọ.

Gbèmí rí i. Nǹkan kan mira lẹ́yìn ọpọlọ rẹ̀, ó sì tún sùn.

Wọ́n gbé ìbọn lé Ẹ̀rínòtán lọ́wọ́. Òrùka ọrùn rẹ̀ kúrò ní àwọ̀ ewé, ó di funfun, Ẹlẹ́rìí sì ní, “Ìbọn ti wà lọ́wọ́ ìràwọ̀. Mo ti pajú dé, mo ti di etí mi.” Ojú kan tó ní pa dé lóòótọ́. Baba Akínṣọdẹ bẹ̀rẹ̀ ìrèmọ̀jé, ohùn rẹ̀ sì mọ́ ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Ó ní kí Ọdẹ́yalé dìde, pé igbó ti ṣílẹ̀kùn dè é, pé kó má wẹ̀yìn, torí ẹni tó ń relé kì í wẹ̀yìn. Àwọn ọdẹ yòókù ń gbè é. Níran di ọwọ́ ère mú ṣinṣin. Gbèmí dìde dúró nítorí ó yẹ kéèyàn dìde.

Mọpélọ́lá wo àwòrán tó wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ní irin náà ti bo ojú ìràwọ̀, kó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀rínòtán rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ó ní kó tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí i. Ọmọ náà tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí i, ó rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà, ó sì yìn ín.

Gbogbo ọdẹ tó wà lábẹ́ igi ló mọ̀ kí èéfín tó gbéra pé ìró ẹ̀tù lásán kọ́ nìyẹn. Ìbọn tó jẹun yó nìkan ló ń dún bẹ́ẹ̀.

Ìgbà yẹn ni ohun tó sùn ní ọpọlọ Gbèmí dìde. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí ìjọba wá, bàbá rẹ̀ jókòó sórí àpótí yìí gan-an, ó ń ki ìbọn nítorí ìmàdò, ẹ̀tù àti ọta, òun Gbèmí ló sì bá a di àdó mú. Ọdẹ kì í gbé ìbọn kọ́ lófìfo. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ní Ìdí-Àpá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n wá gbé ìbọn lọ pẹ̀lú ohun tó wà nínú rẹ̀, wọ́n tì í mọ́lé fún ọdún mọ́kànlá. Ohun náà ni kò jẹ́ kí ọ̀pá Baba Akínṣọdẹ wọlé dé ìdí. Àgbà mẹ́tàdínlógún ló wà níbí lónìí, kò sì sí ẹni tó rántí láti bi ìbọn bóyá ó ti jẹun tẹ́lẹ̀. Igi ni wọ́n ti ń gbé kiri, igi kì í sì í ní nǹkan nínú.

Nígbà tí èéfín lọ, Ẹ̀rínòtán wà nílẹ̀ níbi tí ìbọn tì í sí, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tí ẹ̀tù jó. Ẹ̀wù ọdẹ ara ère ti lu ihò mẹ́rin. Níran ṣì di ọwọ́ ère mú. Ó rọra jókòó sílẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé ó ti rẹ òun, ẹ̀jẹ̀ sì ń tú jáde ní itan rẹ̀ òsì.

Gbèmí já gèlè orí rẹ̀, ó fi di itan náà. Ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n. Ó ń gbọ́ igbe àwọn obìnrin ilé lókèèrè, ó sì ń rò ó pé ó yẹ kí òun náà ké.

Ẹ̀gbà ọwọ́ ìràwọ̀ ti pe ọkọ̀ ìtọ́jú fúnra rẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́rin tó fi balẹ̀. Apá irin méjì jáde láti inú rẹ̀, wọ́n gbé Ẹ̀rínòtán bí ẹyin, wọ́n tẹ́ ẹ sórí ibùsùn, wọ́n fi nǹkan tútù sí i lọ́wọ́. Ibùsùn méjì ló wà nínú ọkọ̀ náà. Gbèmí fi ọwọ́ han èyí tó ṣófo, ó ní kí wọ́n dákun gbé àbúrò òun. Apá irin kan na iná pupa kékeré sí itan Níran, ó sì fà á padà.

“Ọgbẹ́ ìbọn,” ọkọ̀ náà ní. “Ará ìlú. Ẹ mú ìwé ìdáláre adájọ́ wá.”

Mọpélọ́lá sọ nǹkan sí ọkọ̀ náà pé kó má tíì gbéra. Ó wá kúnlẹ̀ níwájú Gbèmí, orúnkún méjèèjì nílẹ̀, aṣọ rẹ̀ olówó iyebíye nínú ẹ̀jẹ̀.

“Mọ́mì, ẹ dákun, ẹ gbọ́ mi. Tí ìbọn bá dún lónìí, ọgbẹ́ ìbọn ni, ó sì gbọ́dọ̀ dúró de adájọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni, tí wọ́n bá yára. Tí ìbọn ò bá dún, ọgbẹ́ oko ni. Wọ́n á gbé àbúrò yín báyìí-báyìí.”

Gbèmí bi í pé ta ló ń sọ bóyá ìbọn dún. Mọpélọ́lá ní ẹni tó ni ìbọn ni, torí ẹ̀rọ kì í gbọ́ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ ìràwọ̀. Lẹ́yìn Ọdẹ́yalé, Gbèmí ló ni ìbọn yìí. Gbèmí bi í pé àwọn mílíọ̀nù mọ́kànlá tó rí i ńkọ́. Ó ní wọ́n á rò pé eré ni. Gbogbo ohun tí ọ̀gá òun bá ṣe, eré ni wọ́n ń pè é.

“Tí mo bá sọ òtítọ́, kí ni wọ́n máa ṣe fún ọ̀gá rẹ?”

Ó yẹ ká yìn ín pé kò purọ́. “Wọ́n á gba ìbọn ìbàdí wọn fún oṣù kan, mà.”

“Ẹni tó ki ìbọn ńkọ́?”

“Ọdún méje.” Ó wolẹ̀ bó ṣe sọ ọ́.

Irin ni wọ́n fi ń búra lásìkò yìí. Ìwé mímọ́ ni tẹ́lẹ̀. Àwọn èèyàn fi ìwé mímọ́ purọ́ títí ó fi sú ìjọba, ni wọ́n bá padà sórí irin. Ẹni tó ń búra á fi ètè kan irin ìbọn náà gan-an, á sọ tirẹ̀, Ẹlẹ́rìí á gbà á, ẹnikẹ́ni ò sì lè yí i padà mọ́. Ẹ̀rọ náà ò mọ irọ́ yàtọ̀ sí òtítọ́, kò sì nílò àtimọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá bẹ̀rù Ògún á fúnra rẹ̀ sọ òtítọ́. Àwọn ìràwọ̀ ní tiwọn, òfin ò ní kí wọ́n búra.

Baba Akínṣọdẹ ti dé ẹ̀gbẹ́ wọn. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

“Gbèmí, ọmọ Ọdẹ́yalé,” ó ní, “èmi ni mo kì í. Jẹ́ kí wọ́n mú mi lọ. Kí ni mo tún fẹ́ fi ọdún méje ṣe nílé? Má fi irin purọ́ nítorí mi.”

Gbèmí ní, “Bàbá, ẹ wo Níran.”

Bàbá wò ó. Gèlè tó fi di itan náà ti pupa tán, ẹ̀jẹ̀ sì ti ń kán láti etí gèlè náà. Bàbá àgbàlagbà náà ti rí ẹran tó ń kú tó láyé rẹ̀, ó mọ ohun tí òun ń wò. Ó sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń júwe ọ̀nà fún àlejò.

“Irin ò ní ẹnu méjì. Tí o bá sọ fún un pé ìbọn ò dún, kò dún nìyẹn. A ò ní lè gbé ère wọ igbó. Aago mẹ́rin wọ́n á yọ́ ọ, ìbọn ẹni ló sì ń sinni, ti ẹlòmíràn ò lè ṣe é. Mo fẹ́ kó o mọ̀ ọ́n kó o tó lọ síbẹ̀. Bàbá rẹ ò ní lọ mọ́.”

“Láéláé, Bàbá?”

“Ta ló tún fẹ́ wá tú u sílẹ̀?”

Níran ṣí ojú. Ó ti ń gbọ́ wọn, tàbí kò gbọ́ wọn, kò sí bí wọ́n ṣe lè mọ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi,” ó ní, “òtútù ń mú mi.” Oòrùn wà ní àtàrí, òógùn sì ń bọ́ lára gbogbo ẹni tó wà lágbàlá.

Gbèmí dìde. Ó gbìyànjú láti rò ó bó ṣe yẹ kéèyàn rò ó: bàbá rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ọdún ń dé, ọdún ń lọ, ó ń gbọ́ ìrìn àwọn ará ilé, ó ń dúró de ìró kan. Ó mọ̀ pé ó burú. Ó mọ̀ ọ́n bí èèyàn ṣe ń mọ orúkọ ìlú tí kò dé rí. Ó rìn lọ síbi tí ìbọn ṣubú sí.

Ẹlẹ́rìí ti ṣí ojú. Ó ní òun fún un láàyè láti gbé irin náà. Gbèmí fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sókè ní ibi igi rẹ̀, ó wúwo ju bó ṣe rántí rẹ̀ lọ, ó sì fi ètè rẹ̀ kan ẹnu irin.

“Ọdẹ́gbèmí, ọmọ Ọdẹ́yalé, ará ìlú,” Ẹlẹ́rìí ní, “ǹjẹ́ ìbọn yìí dún lónìí?”

Irin náà gbóná. Kò rò ó tẹ́lẹ̀ rárá pé ó máa gbóná. Ẹ̀tù ìlọ́po méjì ló gba inú rẹ̀ kọjá, oòrùn ọ̀sán sì ti gbà á lọ́wọ́ ẹ̀tù, kò tí ì tutù. Ó jó o létè. Òórùn tó ti ẹnu rẹ̀ jáde ni òórùn ọwọ́ bàbá rẹ̀ ní gbogbo ìgbà èwe rẹ̀, nígbà tó bá ti oko dé tó sì fọwọ́ kàn án lórí. Kò gbé ẹnu kúrò.

“Kò dún,” ó ní.

“Mo ti gbọ́. Ẹ ṣeun, ará ìlú.”

Ọkọ̀ ìtọ́jú tún na iná pupa rẹ̀ sí itan Níran. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ní, “Ọgbẹ́ oko,” ó sì gbé e. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí ibùsùn kejì, ẹ̀gbẹ́ ẹni tó yìnbọn lù ú. Ẹ̀rínòtán ń sunkún bí ọmọdé. Ó ní kí Mọ́mì má bínú, òun bẹ̀ wọ́n, ó sì na ọwọ́ tí kò jóná sí i. Gbèmí di ọwọ́ náà mú díẹ̀, nítorí ọmọ náà ló nawọ́. Ó rí iye tó wà lára ẹ̀gbà náà bí ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣe ń pa dé. Ó ti lé ní mílíọ̀nù mẹ́tàlá.

Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, Ẹlẹ́rìí gbé ìbọn padà sínú àpótí rẹ̀, ó tì í, ó sì ní kò sí ìdí láti dúró di aago mẹ́rin, níwọ̀n ìgbà tí ìbọn kò ti ní dún. Òun àti àpótí jọ gbéra.

Àwọn ọdẹ sọ igi èjìká wọn kalẹ̀. Wọn ò bínú sí i. Ìbínú ì bá sàn. Bí wọ́n ṣe ń kọjá ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n ń kí i kú ìnáwó, kú ìrọ́jú, bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tí wọ́n bá ṣe ìsìnkú lásán. Kò sí ẹni tó pè é ní ọmọ Ọdẹ́yalé. Baba Akínṣọdẹ ló kẹ́yìn. Ó bọ́ ẹ̀wù ọdẹ kúrò lára ère, ó gbọn ekuru rẹ̀ nù, ó ká a dáadáa pẹ̀lú ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì fi lé e lọ́wọ́.

“Fi kọ́ fún un,” ó ní. “Ó ṣì máa wọ̀ ọ́.”

Ó fẹ́ sọ nǹkan mìíràn, bóyá ó fẹ́ dúpẹ́. Ẹni tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọdún méje yẹ kó lè dúpẹ́. Ó yí padà, ó bá ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo.

Ìròyìn dé lásìkò tí oòrùn ń rọ̀. Wọ́n ti yọ ọta mẹ́ta ní itan Níran, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òkúta oko ni. Yóò rìn. Àwọn ọmọ ilé tún ní wọ́n ti gbé eré náà jáde. Ẹ̀rínòtán gbé ìbọn, Ẹ̀rínòtán ṣubú, wọ́n ti yọ ìró ìbọn kúrò, wọ́n fi ẹ̀rín sí i. Wọ́n bi Gbèmí bóyá ó fẹ́ wò ó. Ó ní òun fẹ́ gún iyán.

Ó gún un. Ó fi ẹ̀wù ọdẹ kọ́ sórí ìṣó rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìṣó tí ìbọn máa ń wà tẹ́lẹ̀. Bó ṣe ń bu ọbẹ̀ ìṣápá sínú abọ́ tánganran, ó ń rò ó pé tí Níran bá dé láti ilé ìtọ́jú, òun á ní kó jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ obìnrin máa wá síbi àdògán ní ìrọ̀lẹ́, kó máa wo bí wọ́n ṣe ń bù ú: ìwọ̀n iyán, iye ẹran, bí bàbá ṣe fẹ́ kí ọbẹ̀ rẹ̀ ki. Òun ti pé àádọ́ta ọdún. Bàbá ò ní lọ mọ́, ẹni tí yóò máa bọ́ ọ kò sì gbọdọ̀ tán nílé. Ọmọ Níran náà yóò bímọ, yóò sì fi han ọmọ tirẹ̀.

Ó gbé abọ́ náà sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀.

“Bàbá,” ó ní, “oúnjẹ yín rèé.”

Ètè rẹ̀ tó jóná ta á bó ṣe sọ ọ́. Ó dúró díẹ̀ bóyá omijé máa wá. Ètè náà nìkan ló dùn ún.